Ohun tí ojú mi rí nídìí ìtẹ̀ka ẹ̀ẹ̀mẹta

Ìyá Ìbejì, mo rí ìbéèrè yín. Ẹ ní àwọn ọ̀dọ́ méjì kan tó fi káàdì kọ́rùn wá sílé màmá yín ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní ìjọba ló rán àwọn láti kọ orúkọ àwọn àgbàlagbà fún owó ìrànwọ́. Wọ́n fẹ́ gba NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà àkáǹtì, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀ka dání. Màmá ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹ wá ń bi wá bóyá kí màmá fún wọn. Màmá yín gbọ́n. Èmi ò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ ní 2022.

Ẹ rántí pé oṣù Kejìlá 2020 ni ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí kálukú lọ so NIN mọ́ láìnì fóònù rẹ̀. Wọ́n sún gbèdéke síwájú, wọ́n tún un sún, títí a fi sọ pé ariwo lásán ni. Àfi ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin 2022 tí láìnì tó lé ní mílíọ̀nù 70 ò lè pe ẹnikẹ́ni mọ́. Tèmi wà níbẹ̀. Oníṣòwò tí kò lè pe oníbàárà, kó kúkú ti ìsọ̀ rẹ̀ pa. Ni mo bá sáré lọ bá ọmọkùnrin kan tó na agboòrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Mọ́kọ́lá.

Ó ní kí n tẹ àtàǹpàkò, mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa, kí n tún un tẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Ó ní òróró ló wà lọ́wọ́ mi, ó ta omi sí aṣọ, ó nu àtàǹpàkò mi jẹ́jẹ́ bí ẹni ń nu ẹnu ọmọ jòjòló, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Mo tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀! Mo fún un ní igba náírà pé kó fi mu omi.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, àwọn ọlọ́pàá ránṣẹ́ sí mi. Nọ́ńbà kan tí wọ́n fi lu obìnrin kan ní jìbìtì, orúkọ mi ló wà lórí ẹ̀. Mo ní mi ò ní nọ́ńbà yẹn rí. Ẹni tó wà nídìí tábìlì wò mí, ó ní, "Ta ló wá bá ẹ tẹ̀ka?" Kí ni n ó sọ? Ìka mi ni. Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, bí mo bá mí, á mì. Ìyàwó mi gbé àmàlà wá, ó tutù sínú abọ́. Èyí tó burú jù ni pé obìnrin tí wọ́n lù ní jìbìtì yẹn jókòó lọ́ọ̀ọ́kán mi. Kò bú mi, kò ṣépè. Ó kàn ń wò mí. Owó iléèwé àwọn ọmọ ẹ̀ ni wọ́n gbà. Títí dòní, tí mo bá ti rí obìnrin tó wé gèlè bíi tiẹ̀ lọ́jà, ọkàn mi á fò.

Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, láìnì mẹ́ta ló wà lábẹ́ NIN mi. Ẹyọ kan ni mo mọ̀. Ìtẹ̀ka àkọ́kọ́ ló so tèmi, ìtẹ̀ka kejì àti ìkẹta ni ọmọ yẹn fi forúkọ síìmù tuntun sílẹ̀, ó sì tà wọ́n. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi ń lọ, tí mo ń bọ̀. Ọ́fíìsì kan á ní kí n lọ sí èkejì, èkejì á ní ibi tí mo ti ń bọ̀ ni kí n padà sí. Ọ̀gá kan tó so táì wá ń sọ fún mi pé dátà mi wà lábẹ́ ààbò tó péye. Ààbò! Nígbà tí èmi ń ti àgọ́ ọlọ́pàá bọ̀! Bí mo ṣe wá yanjú ẹ̀ nìyí: mo lọ búra ní kóòtù, mo kọ lẹ́tà, wọ́n gé láìnì méjèèjì.

Àwọn ògbóǹkangí orí rédíò á ní aráàlú ò lajú, pé ìlanilọ́yẹ̀ la nílò kí a tó lè fọkàn tán ìjọba. Ìlanilọ́yẹ̀ wo? Ní oṣù Keje 2023, àwọn gómìnà fúnra wọn sọ pé àwọn ò gba ìwé orúkọ àwọn aláìní tí ìjọba àpapọ̀ ní lọ́wọ́, èyí tí wọ́n fi ń pín owó ìrànwọ́, gbọ́. Tí gómìnà ò bá gbà á gbọ́, ṣé màmá yín ló máa gbà á gbọ́? Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ Paradigm Initiative, tó ń jà fẹ́tọ̀ọ́ aráàlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kéde pé ìkànnì kan ń ta NIN ẹni ẹlẹ́ni ní 100 náírà. Ìjọba ní kò sẹ́ni tó wọlé sí ibi tí àwọn kó o pamọ́ sí. Ó lè jẹ́ òótọ́. Àmọ́ àwọn tí ìjọba fún láyè láti yẹ̀ ẹ́ wò pọ̀ káàkiri, ta ló sì ń ṣọ́ àwọn yẹn? Ní orílẹ̀-èdè Estonia ní Yúróòpù, aráàlú lè wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì kó rí ọ́fíìsì tó yọjú wo ìwé rẹ̀ àti ọjọ́ tó wò ó. Ká ní mo rí irú ẹ̀ ni, ọ̀sẹ̀ tí ọmọ yẹn forúkọ síìmù ni mi ò bá ti pariwo.

Òfin wà o. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2023 ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò dátà. Ẹni tó bá ń gba dátà yín gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, kò sì gbọdọ̀ gbà ju ohun tó nílò lọ. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kó fi hàn yín, kó sì tún àṣìṣe ṣe. Tó bá jò síta tó sì lè pa yín lára, ó gbọ́dọ̀ sọ fún àjọ tó ń mójú tó o láàárín wákàtí 72. Ìjọba lè gba àwọn nǹkan kan láì dúró de ìyọ̀ǹda yín tí òfin bá fún un láṣẹ, ṣùgbọ́n àlàyé pọn dandan. Ẹ bi àwọn ọmọ tó ń gbé ẹ̀rọ kiri wò, bóyá wọ́n ti gbọ́ ọ rí.

Ẹ dákun, tèmi ni mo ń sọ látàárọ̀. Kí màmá má fún wọn ní nǹkan kan nílé. Ìwé orúkọ àwọn aláìní yẹn, bí wọ́n ṣe là á kalẹ̀, ìpàdé àdúgbò ló ń ṣáájú, àwọn ará àdúgbò ló sì ń dárúkọ ilé tó ṣaláìní. Ẹ bi mọ́gàjí yín bóyá wọ́n pèpàdé. Tí kò bá mọ̀ nípa ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Tó bá mọ̀, ẹ ní kí wọ́n jọ ṣe é lójú ẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ tó wà lára káàdì wọn sílẹ̀.

Nọ́ńbà àkáǹtì nìkan ò fi bẹ́ẹ̀ bà mí lẹ́rù. Ìka ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ kọ "owó ìrànwọ́ nìkan" àti déètì gba orí àwòrán ojú màmá kọjá lára fọ́tókọ́pì NIN, kí wọ́n má sì fi fóònù ara wọn yà á. Nọ́ńbà àṣírí tí báńkì bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù, kí màmá má kà á fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ gómìnà.

Tí wọ́n bá sì ní ẹ̀rọ ò gba ìka màmá, kí wọ́n tún un tẹ̀, ẹ gba ẹ̀rọ náà kẹ́ ẹ wo ojú ẹ̀. Tí wọn ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ wò ó, kí màmá káwọ́ nílẹ̀. Ẹ padà wá sọ bó ṣe lọ fún wa lálẹ́ Mọ́ńdè. Láìnì kan ṣoṣo ló kù lórúkọ tèmi báyìí, mo tún yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ yìí.