Bí oníbàárà mi bá bá mi níbẹ̀ ńkọ́?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Awakọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Téló ni mí ní Kétu, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Àkábà Ìdènà. Ọmọ ọdún 39 ni mí, ó sì ti tó ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń mu sódábì. Ní báyìí, ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n láàárọ̀, n kò lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ àfi tí mo bá kọ́kọ́ mu ife kan. Ìyàwó mi gbọ́ pé àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí máa ń kó ara wọn jọ ṣèpàdé. Ibo ni mo ti lè rí wọn? Kétu kò tóbi, Bàbá. Bí oníbàárà mi bá bá mi níbẹ̀ ńkọ́? (Téló, Kétu)

ÌDÁHÙN: Téló, ọmọ mi, ife àárọ̀ yẹn ni kí a kọ́kọ́ yanjú. Má ṣe torí pé o ka ọ̀rọ̀ mi, kí o wá búra lálẹ́ òní pé o kò ní fẹnu kan ọtí mọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kó tó mu, ara rẹ̀ ti mọ́ ọtí. Bó bá dá a dúró lójijì, láàárín wákàtí mẹ́fà sí ọjọ́ méjì, gìrì lè gbé e. Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ojú rẹ̀ lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ìyẹn sì máa ń pani. Dókítà ni kí o kọ́kọ́ lọ rí. Sọ iye tí ò ń mu gan-an fún un, má dín in kù. Oògùn wà tí wọ́n ń lò fún ọjọ́ mélòó kan kí ara lè rọlẹ̀, wọ́n á sì fún ọ ní fítámì B1, torí ọtí máa ń jẹ́ kí ó tán lára. Bí wọ́n bá ní kí o lọ sí Jacquot, ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Kútọnù, má sá. Kì í ṣe alárùn ọpọlọ nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀.

Ó di ti ìpàdé. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi na ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Kétu, mo ń gba Ìsàkété àti Pọ́bẹ̀ kọjá, ìgò kékeré kan sì máa ń wà lábẹ́ ìjókòó mi. (Ẹ̀yin tí ẹ wọ ọkọ̀ mi nígbà náà, ẹ foríjì mí.) Mùsùlùmí ni mí, ìtìjú tèmi di méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dé ẹnu ọ̀nà ilé ìpàdé tí mo yí padà. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, òjò lé mi wọlé. Àga oníke bíi mẹ́jọ, ife bísáàpù lọ́wọ́ kálukú, ta ni mo sì rí? Tíṣà ọmọ mi! Mo fẹ́ kú. Ó fọwọ́ na àga fún mi, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí ìpàdé parí, ó ní, “Èmi náà ò rí yín o.” Téló, ohun tí mò ń sọ nìyẹn: oníbàárà tó bá bá ọ níbẹ̀, ìwọ náà ti bá a níbẹ̀.

N kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní mo kàn wá gbọ́ ni, wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń pe èèyàn, kò sí owó ìwọlé. Ní ọdún 1935 ni irú ìpàdé yìí bẹ̀rẹ̀, ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà. Ọ̀mùtí kan tó ti jáwọ́, Bill Wilson, bá iṣẹ́ lọ síbẹ̀, iṣẹ́ náà forí ṣánpọ́n, ọtí wá ń pè é. Kàkà kó wọ ilé ọtí, ó wá ọ̀mùtí mìíràn tó lè bá sọ̀rọ̀. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ni ẹni tó rí, Bob Smith. Àwọn méjì péré.

Torí náà, bí o kò bá rí ẹgbẹ́ ní Kétu, wá ẹnì kan. Bi dókítà yẹn léèrè, bi àwọn fadá. Lórí fóònù, fi Faransé kọ “Alcooliques Anonymes réunion en ligne”: Alcooliques Anonymes ni orúkọ ẹgbẹ́ náà. Àwọn tó wà ní ilẹ̀ Faransé máa ń ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì, o lè fi gbohùngbohùn sétí nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ, kí o má ṣe fi ojú hàn. Ṣùgbọ́n ṣọ́ aago: nígbà òtútù wọn, aago wa dọ́gba, nígbà ooru wọn, aago mẹ́jọ alẹ́ tiwọn, méje ni lọ́dọ̀ wa. Ó ti tàn mí jẹ rí. Ìyàwó rẹ náà ní tirẹ̀, Al-Anon, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951 fún ará ilé ọ̀mùtí.

Ibi tó le jù kò sí nínú ìpàdé o. Òde ni. Ìsọmọlórúkọ, ìsìnkú, àna rẹ á ní kí o kàn tọ́ ọ wò. Tíṣà yẹn ló kọ́ mi: kí agbọ́tí tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ti mú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan dání. Ọwọ́ tó kún, wọn kì í sáábà bu ọtí fún un. Bí wọ́n bá ta kú, sọ pé dókítà ló kọ̀ fún ọ. Irọ́ kọ́, àbí o ti lọ rí i?

Bí o bá fẹ́ wá sí Àjàṣẹ́, kọ̀wé sí mi padà. A ó jọ jókòó síta títí ìwọ yóò fi fẹ́ wọlé. Mú okùn ìwọ̀n rẹ dání, láti ìgbà tí mo ti ń jẹun dáadáa, ṣòkòtò kan kò gbà mí mọ́.