Ǹjẹ́ ìlú kékeré ní gúúsù Kwara lè gba owó ìrànwọ́ láti tún àárín ọjà rẹ̀ ṣe?

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ará ìlú lápapọ̀ ni wọ́n ń fún lówó náà, kì í ṣe ẹnì kan. Lábẹ́ ètò CSDP (ètò ìdàgbàsókè ìlú àti àwùjọ) tí Báńkì Àgbáyé ṣe agbátẹrù rẹ̀, tó ti parí báyìí, tí NG-CARES (ètò ìrànwọ́ nítorí àrùn Kòrónà) sì tẹ̀ lé e, ará ìlú fúnra wọn ni ó máa ń yan ohun tí wọ́n nílò, ìbáà ṣe ìsọ̀ ọjà tàbí kànga ẹ̀rọ, wọn a yan ìgbìmọ̀ tí yóò bójú tó o, wọn a sì dá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ náà, yálà ní owó tàbí ní yanrìn, òkúta àti iṣẹ́ ọwọ́. Ibi ìdáwó yìí gan-an ni kí ìlú ti tètè múra. Ẹ rántí pé ìwé òfin ọdún 1999 fi ọjà sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ Òmù-Àrán, bí àpẹẹrẹ, ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn ni ẹ ó ti kọ́kọ́ gba àṣẹ.