Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ ogun: kí ni kí n kọ nípa wọn?

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi láti Ẹ̀pẹ́, mo sì kà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kí àwọn òǹkàwé yòókù lè bá wa lọ, n ó sọ kókó rẹ̀. Bàbá rẹ, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ogun ojú omi nígbà ogun abẹ́lé, tí wọ́n sì wá pín lẹ́tà káàkiri Ẹ̀pẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ti papòdà. Ẹ sin wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ṣe là á kalẹ̀, fìdáù ọjọ́ kẹjọ ti kọjá, ti ogójì ọjọ́ ló kù. Ìwọ ni ẹbí ní kí o kọ ìtàn ayé wọn sínú ìwé tí ẹ ó pín lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin fẹ́ kí o kọ ọ́ pé ọ̀gá tó ń darí ọkọ̀ ogun ni wọ́n, ìwọ sì mọ̀ pé wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ rí, pé wọn kì í tilẹ̀ dáhùn bí a bá bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ ogun. Ní ìparí lẹ́tà rẹ ni o wá jẹ́wọ́ ohun tí mo rò pé òun gan-an ló mú ọ kọ̀wé: pé nígbà tí o wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, o máa ń yà gba ọ̀nà mìíràn bí o bá rí wọn lórí kẹ̀kẹ́ nínú aṣọ kakí, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ má baà mọ̀ pé bàbá rẹ nìyẹn.

Má kọ oyè tí bàbá rẹ kò jẹ. Àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ṣì wà láyé, wọn yóò sì wá síbi fìdáù náà; bí wọ́n bá rí irọ́ kan ṣoṣo nínú ìwé yẹn, wọn kò ní gba òtítọ́ tó kù níbẹ̀ gbọ́ mọ́. Ẹ wá ìwé tí wọ́n fi dá wọn sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun nínú àpótí wọn, kí ẹ kọ ipò tí ẹ bá bá níbẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ tọ àwọn ajagunfẹ̀yìntì tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ Nigerian Legion lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé iyì ológun ni ẹ̀gbọ́n rẹ ń wá fún wọn, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kìíní ni Nàìjíríà fi ń rántí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ́dọọdún, nítorí ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé parí ní 1970. Kí ó lọ dúró pẹ̀lú àwọn àgbà náà lọ́jọ́ yẹn ní orúkọ bàbá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ogun náà kò ní ṣófo nínú ìwé yín. Ní 1956 ni wọ́n dá ẹ̀ka ọmọ ogun ojú omi sílẹ̀, nítorí náà ọmọ ọdún mọ́kànlá péré ni ẹ̀ka náà nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1967. Nínú oṣù yẹn kan náà ni ọkọ̀ wọn kó àwọn sójà lọ gba Bonny, ní oṣù Kẹwàá wọ́n tún gba ojú omi wọ Kàlàbá. Ní gbogbo àkókò ogun náà, iṣẹ́ wọn ni láti dí ọ̀nà òkun kí ohunkóhun má baà wọ ilẹ̀ Biafra, ìdínà yẹn sì wà lára ohun tó fa ebi tó pa àwọn ọmọdé lọ́pọ̀lọpọ̀ níbẹ̀. Rò ó wò, ọmọ mi. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni bàbá rẹ, etí ọ̀sà ni wọ́n bí wọn sí, inú omi ni wọ́n ti mọ̀ pé oúnjẹ ti ń wá láti kékeré. Bí a bá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sórí òkun pé kí ó má jẹ́ kí oúnjẹ kọjá, tí ó sì ṣe é nítorí pé àṣẹ ni, èmi kò ní bá a wí bí kò bá fẹ́ fi í ṣe ìtàn fún àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

Ìlà mẹ́ta péré ni o fi sọ̀rọ̀ iṣẹ́ lẹ́tà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ayé bàbá rẹ wà. O ní àwọn ìyá tó ń ta ẹja lọ́jà Olúwo máa ń dá wọn dúró kí wọ́n ka lẹ́tà ọmọ wọn fún wọn, kí wọ́n sì bá wọn kọ èsì. Mo mọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, akólẹ́tà ló mú wáyà ikú ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá sí ilé wa. Ó ní kí ìyá mi kọ́kọ́ jókòó, ó dúró títí wọ́n fi jókòó tán, kí ó tó na ìwé náà sí wọn. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ níyẹn nílé iṣẹ́ P and T, tó ń bójú tó lẹ́tà àti tẹlifóònù nígbà náà. Ẹni tó bá ń ka lẹ́tà fún ìlú mọ ọmọ tó ń fi owó ránṣẹ́ àti èyí tó ti gbàgbé ìyá rẹ̀, ó mọ ẹni tó jẹ gbèsè àti ẹni tí ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ ìyàwó mìíràn sí ìdálẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí èyíkéyìí yọ lójú rẹ̀ bó bá dé ilé kejì. Ní 1985, nígbà tí wọ́n pín P and T sí méjì, tí ti lẹ́tà di NIPOST, orúkọ iṣẹ́ wọn yí padà, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò yí padà. Ìwọ rò pé ìwọ nìkan ni wọ́n dákẹ́ sí. Gbogbo Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n dákẹ́ fún.

Nítorí náà, kí ogójì ọjọ́ tó pé, lọ sí Olúwo, lọ sí Noforíjà àti Pókà, kí o béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà ohun tí bàbá rẹ mú wá fún wọn, àti ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ tí ìròyìn náà kò dára. Gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kí o tó kọ ọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́. N kò ní tàn ọ́ pé wọn kò rí ọ, nítorí ojú akólẹ́tà kì í fo ẹnikẹ́ni lójú títì. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ pé láti ìgbà tí o wọ kíláàsì kẹta, wọn kì í gba iwájú ilé ẹ̀kọ́ yín mọ́ ní àkókò tí ẹ bá ń jáde. O kọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀nà iṣẹ́ ló yí padà. Mo gbà pé bàbá rẹ ló yí i padà nítorí tìrẹ, tí wọ́n fi gígùn kún ìrìn ara wọn lójoojúmọ́, tí wọn kò sì fi ọ́ sùn ní ilé. Bí o bá lè kọ ìyẹn, fi í sí ojú ewé àkọ́kọ́. Bí o kò bá lè kọ ọ́, sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ lálẹ́ ọjọ́ kan tí ẹ bá jọ jókòó, kí o sì rọra bi í bóyá òun náà ní ọ̀nà kan tó máa ń yà sí.