Nọ́ńbà Inú Ìwé Bàbá Akọrin

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá mi ni ọ̀gá akọrin ìjọ wa ní Kàbà títí wọ́n fi di olóògbé. Nígbà tí mo ń to àwọn ẹrù wọn, mo rí ìwé àjákọ kan tí wọ́n kọ orúkọ àwọn orin ìsìn sí, ṣùgbọ́n dípò sọ́fà (do, re, mi), ohun tí ó wà lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan ni ìlà bíi “4c1 4d1 4e1 2g1”. Ìyá mi ní nǹkan fóònù ni, wọn kò sì lè ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ni mo rí yìí? (Akọrin, Kàbà)

ÌDÁHÙN: Okun o. Sọ́fà náà ni ohun tí ẹ rí, aṣọ mìíràn ló kàn wọ̀. Fóònù Nokia 3310, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2000, ní àyè kan nínú tí ènìyàn ti lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orin tí fóònù náà yóò máa dún nígbà tí ìpè bá wọlé. Lẹ́tà tí ó wà láàárín ni ohùn: c ni do, d ni re, e ni mi, f ni fa, g ni so, a ni la, b ni ti. Nọ́ńbà tí ó ṣáájú lẹ́tà ń sọ bí ohùn náà yóò ti pẹ́ tó. Ìlù kan ni 4, ààbọ̀ ìlù ni 8, ìlù méjì ni 2. Nọ́ńbà tí ó kẹ́yìn ń sọ bóyá ìsàlẹ̀ ni a ó ti mú un tàbí òkè. Nítorí náà, ìlà tí ẹ kọ sí wa yẹn ni do, re, mi, ní ìlù kọ̀ọ̀kan, kí a tó wá fa so fún ìlù méjì. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà bíi 100 tàbí 125 lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ orin, ìyára rẹ̀ nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ gan-an ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí ó fi jẹ́ pé ọ̀gá akọrin ni ó ni irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnnì 1 títí dé 7 ni do títí dé ti, 8 ń gé ohùn kúrú, 9 ń fà á gùn, 0 ni ìdákẹ́, àmì ìràwọ̀ ń gbé ohùn lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, bọ́tìnnì # sì ń fi ìdajì ohùn kún un. Ní agbègbè wa, láti Ìjùmú dé Yàgbà, tí ó jẹ́ pé sọ́fà ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akọrin fi ń kọ́ orin, kò sí ẹni tí ó nílò láti kọ́ akọrin ní èyí lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tí kò mọ sọ́fà ń da nọ́ńbà kọ láti ọwọ́ ẹlòmíràn ni, bí wọ́n bá sì tẹ ọ̀kan ṣì, wọn kò mọ ibi tí orin ti yà bàrá. Akọrin a gbọ́ ọ, a sì tún un ṣe lójú ẹsẹ̀.

Èmi náà wà lára akọrin ní Mọ̀pà nígbà yẹn. Bí fóònù kan bá dún láàárín ìsìn pẹ̀lú orin tí Nokia fi sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, èyí tí wọ́n fà yọ láti inú orin gìtá tí Francisco Tárrega, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, kọ ní ọdún 1902, ènìyàn bí i mẹ́wàá ni yóò fọwọ́ kan àpò lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí olúkúlùkù fi ń wá tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tilẹ̀ fi do, re àti mi nìkan kọ oríkì rẹ̀, bí ẹni pé dùndún ni ó ń pè é, ó ní òun kò lè máa dá ohun tí kò mọ orúkọ òun lóhùn.

Bí ẹ bá rí i pé orin kan dúró lójijì láàárín ègbè, ẹ má rò pé bàbá gbàgbé ìyókù. Àádọ́ta ohùn péré ni 3310 lè gbà nínú orin kan. Orin tí ìlà rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, tí ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní sílébù mẹ́jọ, ti gba ohùn méjìlélọ́gbọ̀n ó kéré tán, nítorí náà ẹsẹ kan yóò wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n bí ègbè bá gùn, ẹnu ọ̀nà ni yóò kú sí. Ohùn kan ṣoṣo ni ó sì lè dún lẹ́ẹ̀kan, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ohùn òkè nìkan ni ó ń rí àyè. Oníbáàsì kan nínú ẹgbẹ́ wa kọ̀ jálẹ̀, ó kọ ìlà báàsì tirẹ̀ sínú fóònù, kò sì sí ẹni tí ó mọ orin tí ó jẹ́ títí ó fi pàdánù fóònù náà. Ẹni tí ó bá kọ tirẹ̀ tán lè fi í ránṣẹ́ bí àtẹ̀jíṣẹ́ sí Nokia ẹlòmíràn, ó sì ṣeé ṣe kí díẹ̀ nínú ohun tí ó wà nínú ìwé yẹn ti dún nínú àpò ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Kàbà.

Nínú gbogbo àṣà tí ó gbòde láàárín ọdún 2001 sí 2010, èyí ni mo kà sí jù, nítorí pé ìmọ̀ ni ó ń béèrè. Ijó tuntun ń wọlé lọ́dọọdún, ó sì ń jáde, ẹni tí ó bá ní ẹsẹ̀ lè jó o. Nígbà tí fóònù tí ó ń kọ odidi orin pẹ̀lú ohùn ènìyàn dé, tí àwọn ọmọkùnrin oníkọ̀ǹpútà sì ń gba owó láti ki orin sínú káàdì fún ènìyàn, kò sí ẹni tí ó tún jókòó ti bọ́tìnnì mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ìwé náà nù. Ẹ jókòó ti dùùrù, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ bí ó ti wà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìsánlú máa ń sọ pé nígbà tí fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn kò bá ọ̀rẹ́ àwọn kan sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí pé ó “gbé fíláàṣì”. Ṣé ó tó ohun tí à ń bínú sí? (Òǹkàwé, Ìsánlú)

ÌDÁHÙN: Ó tó, ó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fíláàṣì ni kí ènìyàn pè yín, kí ó sì já a kí ẹ tó gbé e, kí owó rẹ̀ má baà lọ. Nígbà tí MTN àti Econet bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, bí i ₦50 ni wọ́n ń gbà fún ìṣẹ́jú kan, odidi ìṣẹ́jú ni wọ́n sì ń kà. Bí ènìyàn bá fíláàṣì yín, tí ẹ sáré gbé e, tí ẹ ní “hẹ́lò”, kódà kí ó já a lójú ẹsẹ̀, owó ìṣẹ́jú kan ti lọ lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tí Globacom dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, ìṣẹ́jú-àáyá ni ó fi ń ka owó, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Ní irú iye owó yẹn, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kò ju ₦2.50 lọ. Ẹ wá ronú ti ẹni tí ó kọ́kọ́ gun orí àpáta lọ wá nẹ́tíwọọ̀kì kí ó tó fíláàṣì, tí wọ́n sì tún wá gbé e.

Àdéhùn ni fíláàṣì jẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan lè túmọ̀ sí “mo ti dé ilé”, ẹ̀ẹ̀mejì “pè mí”, bí ẹni méjèèjì bá ti fẹnu kò. Ó sì ní ìwà ọmọlúàbí tirẹ̀, nítorí pé àgbà lè fíláàṣì ọmọ, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá fíláàṣì àgbà ti wá ẹjọ́. Àwọn kan ní ahun ló bí gbogbo rẹ̀. N kò gbà, àfi fún àwọn tí owó wà lórí fóònù wọn tí wọ́n ṣì ń ṣe é. A mọ ara wa.

ÌBÉÈRÈ: Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń jiyàn. Mo ní orí 3310 ni eré ejò ti bẹ̀rẹ̀, ó ní ó ti wà ṣáájú. Ẹni tí ó bá jẹ̀bi ni yóò ra àkàrà. (Aláriyànjiyàn, Ẹ̀gbẹ̀)

ÌDÁHÙN: Ẹ lọ ra àkàrà. Taneli Armanto, òṣìṣẹ́ Nokia, ni ó kọ eré náà fún Nokia 6110 tí ó jáde ní ọdún 1997. Ẹ̀dà kejì rẹ̀ ni ó wà lórí 3310. Kódà, irú eré bẹ́ẹ̀ ti wà lórí ẹ̀rọ olówó ẹyọ ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1976. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ní òun mọ ti 1976 pẹ̀lú, ẹ fi ẹ̀kọ tì í.