Báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè jèrè ìkọ́ṣẹ́ ní ẹ̀ka alukoro ní Ìlọrin?

Akẹ́kọ̀ọ́ yóò jèrè jù lọ bí ó bá kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn iṣẹ́ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, pàápàá àtẹ̀jáde fún àwọn oníròyìn. Ẹni tí ó bá ń dúró de ìgbà tí wọn yóò pè é lè máa pín lẹ́tà kiri títí àkókò yóò fi pé. Kí ó tọrọ àyè lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ láti kọ́kọ́ kọ àtẹ̀jáde náà, kí ó sì fi èyí tí ó kọ wé èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Radio Kwara tàbí ìwé ìròyìn The Herald, nítorí inú àtúnṣe yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ pọ̀ sí. Ó yẹ kí ó lè kọ ọ̀rọ̀ kan náà ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí ìkọ́ṣẹ́ náà bá wà lábẹ́ SIWES, ìyẹn ètò ìkọ́ṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, dá sílẹ̀ ní 1973, kí ó máa kọ ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ìkọ́ṣẹ́ nìkan kò sọ ènìyàn di ọmọ ẹgbẹ́ NIPR, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn alukoro ní Nàìjíríà, tí òfin 1990 fún ní àṣẹ lórí iṣẹ́ náà.