Bùláńkẹ́ẹ̀tì àkọ́hun: ẹ wọn àpẹẹrẹ yín kí ẹ tó ra òwú

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọmọ tuntun o. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ẹ ní ẹ ti mọ níìtì (knit, ojú tó tẹ́ bíi lẹ́tà V níwájú), ẹ ti mọ pọ́ọ̀lù (purl, ojú tí kókó rẹ̀ wà níwájú), ẹ fẹ́ hun bùláńkẹ́ẹ̀tì fún ọmọ tí àbúrò yín máa tó bí, ẹ sì fẹ́ kí ara rẹ̀ ní kókó díẹ̀, kó má kàn tẹ́ pẹrẹsẹ. Abẹ́rẹ́ mìlímítà 5 ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ wá ń béèrè ojú (stitch) mélòó tí ẹ máa gbé sórí rẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó rọrùn jù fún ohun tí ẹ ń wá ni èyí tí pátánì, ìyẹn ìwé ìtọ́ni ìhunṣọ, ń pè ní seed stitch. Níìtì kan, pọ́ọ̀lù kan, títí dé òpin ìlà. Ẹ yí i padà, níìtì kan, pọ́ọ̀lù kan náà ni. Kókó wẹ́wẹ́ á fọ́n ká gbogbo ara rẹ̀, iwájú ò ní yàtọ̀ sí ẹ̀yìn, etí rẹ̀ ò sì ní ká kò. Èyí tí a máa ń fi níìtì hun ìlà kan, tí a fi pọ́ọ̀lù hun ìlà kejì, tó máa ń dán yẹn, òun ni etí rẹ̀ ń ká. Ẹ má lò ó fún bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Àmọ́ iye ojú yín gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò ṣeé pín sí méjì ọgbọọgba, bíi 101, 137 tàbí 151. Ibí yìí ni inú ti máa ń bí mi sí àwọn tó ń kọ pátánì. Wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà sókè pé ó rọrùn, pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ló wà fún, wọ́n á wá ní kí èèyàn gbé ojú 140, kó máa ṣe níìtì kan, pọ́ọ̀lù kan lọ. Tí ẹ bá fi níìtì bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìlà lórí ojú 140, níìtì á máa bọ́ sórí níìtì, pọ́ọ̀lù á máa bọ́ sórí pọ́ọ̀lù. Ohun tó máa jáde ni ìlà gbọọrọ-gbọọrọ bíi ti etí ọwọ́ súwẹ́tà, iṣẹ́ náà á sì fún pọ̀ mọ́ra. Ẹni tó ti mọṣẹ́ á tún un ṣe láìronú. Ẹni tí wọ́n ní àwọn ń kọ ọ́ fún gan-an ni wọn ò sọ fún.

Ẹ máa wo ohun tó kọjú sí yín lórí abẹ́rẹ́. Tó bá jẹ́ kókó, níìtì ni kí ẹ ṣe sí i. Tó bá tẹ́, tó rí bíi lẹ́tà V, pọ́ọ̀lù ni. Bó ti wù kí ẹ pa iṣẹ́ náà tì pẹ́ tó, ẹ ò ní ṣìnà nígbà tí ẹ bá padà sídìí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òwú ni mo fẹ́ bá yín sọ jù, torí ibẹ̀ lojú mi ti rí màbo.

Nígbà tí mo fẹ́ hun bùláńkẹ́ẹ̀tì oníkókó tèmi, ẹni tó ń kọ́ wa ní iṣẹ́ ìhunṣọ, tí gbogbo èèyàn ń pè ní ọ̀gá, sọ fún mi pé àpẹẹrẹ kékeré tí a máa ń kọ́kọ́ hun wò kò kan bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó ní súwẹ́tà ló gbọ́dọ̀ ba èèyàn lára mu, pé ta ló máa wọ bùláńkẹ́ẹ̀tì? Pátánì náà sì kọ iye òwú tó máa gbà. Iye yẹn ni mo rà, kò lé, kò dín. Ohun tí ọ̀gá ò sọ, tí pátánì ò sì kọ, ni pé ojú oníkókó máa ń jẹ òwú ju ojú tó tẹ́ lọ. Láàárín ojú kan sí èkejì, òwú á bọ́ síwájú, á tún bọ́ sẹ́yìn, ìlà rẹ̀ sì máa ń sún mọ́ra, tó fi jẹ́ pé ìlà púpọ̀ lẹ máa hun kó tó gùn. Ọwọ́ èèyàn náà ò tún dọ́gba. Ẹni tó ń fà á le, òwú rẹ̀ á tètè tán ju ti ẹni tó ń fà á ní ìrọ̀rùn lọ, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n lò.

Mo hun ún dé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, òwú tán. Mo padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún mi. Ó mú òwú jáde, ilé-iṣẹ́ kan náà, orúkọ àwọ̀ kan náà. Mo fi nọ́ńbà kékeré tó wà lára ìwé òwú náà hàn án, mo ní èyí yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ó ní kí n fi nọ́ńbà sílẹ̀, pé àwọ̀ kan náà ni, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú ẹni tó ti ń ta òwú tipẹ́.

Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ ìgbà tí wọ́n rẹ òwú náà láró. Gbogbo èyí tí wọ́n jọ rẹ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ló ń jẹ́ nọ́ńbà kan. Èyí tí wọ́n rẹ nígbà mìíràn lè fi díẹ̀ ṣókùnkùn sí i tàbí kó mọ́lẹ̀ sí i. Tó bá ṣì wà ní ìdì lábẹ́ iná ìsọ̀, ẹ lè má rí ìyàtọ̀ kankan. Mo hun tuntun náà mọ́ ti tẹ́lẹ̀, mo gbé e síta sójú oòrùn, ibi tí wọ́n ti pàdé là gbọọrọ láti etí dé etí, bíi pé èèyàn fa ìlà sí i. Òǹtajà náà kò gbà á padà. Ó ní mo ti tú u.

Títú wá kù. Tí ẹ bá yọ abẹ́rẹ́ kúrò lára ojú oníkókó, ojú tó bọ́ á sá wọ inú kókó tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ò sì ní mọ èyí tó jẹ́ ojú, èyí tó jẹ́ òwú tó kàn ń kọjá láàárín ojú méjì. Mo jókòó sójú fèrèsé, mo ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn ń ro mí, ojú ń ṣe mí bàìbàì. Tí mo bá ṣà wọ́n tán, wọn á dín. Ọ̀kan á ti já wálẹ̀ síbì kan tí n ò rí. Ìyá àgbàlagbà kan tí kì í ṣe ọ̀gá ẹnikẹ́ni ló gbà mí. Ó ní kí n má yọ abẹ́rẹ́ rárá. Ó mú òwú ìránṣọ tó ní àwọ̀ mìíràn, ó fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ gba apá ọ̀tún ojú kọ̀ọ̀kan kọjá lórí ìlà kan ṣoṣo, nísàlẹ̀ ibi tí mo fẹ́ tú dé, láti etí kan dé èkejì. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní kí n máa fà á. Nígbà tí mo tú u dé ibẹ̀, gbogbo ojú dúró sórí òwú ìránṣọ náà, ẹyọ kan ò já.

Nítorí náà, ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 20, kí ojú ṣì wà lórí abẹ́rẹ́, ẹ fi irú òwú bẹ́ẹ̀ gba inú gbogbo wọn kọjá, kí ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ máa hun lọ. Ẹ ó fà á yọ nígbà tí iṣẹ́ bá parí.

Òwú tí mo tú ká wọ́lọwọ̀lọ. Mo dì í, mo rẹ ẹ́ sínú omi, mo fi kọ́ kó gbẹ, ó sì nà padà. Mo wá ń fi òwú àkọ́kọ́ hun ìlà méjì, mo ń fi tuntun hun ìlà méjì, kí àwọn méjèèjì lè máa pàdé létí kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é títí ti àkọ́kọ́ fi tán, àwọ̀ méjèèjì sì wọnú ara wọn. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ọ̀nà àbáyọ nìyẹn, àmọ́ n ò gbàdúrà kó ṣẹlẹ̀ sí yín.

Ohun tí ẹ máa ṣe rèé. Ẹ ra ìdì òwú kan ṣoṣo. Ẹ fi seed stitch hun àpẹẹrẹ tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20, tó sì ga ní 20. Ẹ fọ̀ ọ́ bí ìyá ọmọ ṣe máa fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ délẹ̀délẹ̀. Ẹ ka iye ojú tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10 láàárín rẹ̀, ẹ má wọn etí. Lẹ́yìn náà, kí ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná. Ká ní ó wọn gíráàmù 22. Bùláńkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ ní 80, tó gùn ní 100, ìlọ́po 20 àpẹẹrẹ yẹn ni. 22 lọ́nà 20 jẹ́ gíráàmù 440. Ìdì onígíráàmù 100 márùn-ún ló máa gbà, kí ẹ sì fi ẹyọ kan lé e. Ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan náà, nọ́ńbà aró kan náà, kí ẹ sì tọ́jú ìwé ara rẹ̀. Òǹtajà tó bá ní nọ́ńbà kì í ṣe nǹkan kan, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Irú òwú ńkọ́? Ìyá ọmọ ò ní ráyè fọwọ́ fọ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Wúùlù gidi tí wọn ò ṣe fún ẹ̀rọ ìfọṣọ, tó bá kan omi gbígbóná, tí wọ́n sì ń gbo ó, á sún kì, á le, kò sì ní padà bọ̀ sípò láéláé. Àkírílíìkì kò ní wàhálà yẹn, àmọ́ ẹ má fi áyọ́ọ̀nù kàn án o. Ooru máa ń pa á, á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, gbogbo kókó tí ẹ fara ṣiṣẹ́ fún á tẹ́ pẹrẹsẹ. Òwú tó bá ń yọ irun, ẹ má gbé e sún mọ́ ọmọ ọwọ́.

Ẹ tún bá mi sọ fún àbúrò yín pé kí wọ́n má fi bùláńkẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ tó bá ń sùn nínú ibùsùn rẹ̀ títí á fi pé ọdún kan. Ìmọ̀ràn àwọn dókítà ọmọdé nìyẹn, torí ó lè bò ó nímú. Kí wọ́n máa lò ó tí wọ́n bá gbé e lọ́wọ́, tàbí kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó máa ṣeré lórí rẹ̀.

Tí ìdì kan bá tán, etí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ẹ má so ó ní kókó sáàárín. Abẹ́rẹ́ olókùn gígùn, èyí tí okùn so orí abẹ́rẹ́ méjèèjì pọ̀, ló dára jù, kí ìwúwo iṣẹ́ lè wà lórí itan yín dípò ọrùn ọwọ́. Gbígbé ojú ní ìbẹ̀rẹ̀ àti pípa á dé ní ìparí kó má bàa tú, ẹ ti mọ ìyẹn, àmọ́ ẹ fi abẹ́rẹ́ mìlímítà 6 pa á dé, kí òkè má bàa fún.

Ìbéèrè yín gan-an: tí àpẹẹrẹ yín bá fún yín ní ojú 17 nínú sẹ̀ǹtímítà 10, fífẹ̀ 80 jẹ́ ojú 136. Ẹ fi ẹyọ kan lé e, 137. Ṣùgbọ́n 17 yẹn lè má jẹ́ tiyín. Ẹ kọ iye ojú àti ìwúwo àpẹẹrẹ yín síbí nígbà tó bá gbẹ tán, màá bá yín ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó ra ìyókù.