Awọ Inú Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò: Ìdáhùn Lórí Àkẹtẹ̀ Felt Àtijọ́

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè nípa àkẹtẹ̀ Stetson aláwọ̀ eérú tí ẹ rà níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù ilé olóògbé kan ní Baltimore, ẹ kú oríire. Ẹ ní etí rẹ̀ ti wọ́, orí rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú, ihò kéékèèké wà lára rẹ̀, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ kí ẹ tó máa dé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fi omi kàn án. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kó irú àkẹtẹ̀ wọ̀nyí jọ, tí mo sì ń tún wọn ṣe níhìn-ín ní Philadelphia, ìlú tí ilé iṣẹ́ Stetson ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ìrírí kọ́ mi ni pé awọ tó yí inú àkẹtẹ̀ po ló ń sọ bóyá ó ṣì ṣeé dé, kì í ṣe ìrísí òde rẹ̀. Felt (irun ẹran tí wọ́n sún kì bí aṣọ) tó dọ̀tí ṣeé sọ di mímọ́, èyí tó tẹ̀ ṣeé nà, ṣùgbọ́n awọ tó ti gbẹ títí ó fi ń rún, kò sí ohun tí a lè fi pa á tí yóò jí.

Ẹ da orí àkẹtẹ̀ náà délẹ̀ lórí tábìlì lábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì fi ìka yí awọ inú rẹ̀ síta díẹ̀díẹ̀ láti apá ẹ̀yìn, níbi tí ẹnu awọ náà méjèèjì ti pàdé. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ìwé pélébé kan tí wọ́n kọ sáìsì sí, àti nígbà mìíràn àmì ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Kí ẹ tó ka ohunkóhun, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ awọ náà. Bí ó bá tẹ̀, tí ó sì padà sípò láìdún, ó ṣì lẹ́mìí. Bí ó bá dún, tí ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú sì kù sí yín ní ìka, òógùn ọdún gbọọrọ ti jẹ ẹ́ tán, yóò sì ya lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ dé e. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n ti rán awọ náà mọ́ felt. Bí ó bá jẹ́ pé òwú nìkan ló já, tí awọ fúnra rẹ̀ sì rọ̀, ẹ lè fi abẹ́rẹ́ tínrín tún un rán, ṣùgbọ́n inú ihò àtijọ́ gan-an ni kí abẹ́rẹ́ máa gbà, nítorí pé awọ tí a bá lu ihò tuntun sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀ yóò ya gẹ́gẹ́ bí sítáǹbù ṣe ń ya kúrò lára ìwé rẹ̀. Iṣẹ́ sùúrù ni, ó sì yẹ kí ọ̀sán mọ́lẹ̀ dáadáa kí ẹ tó jókòó tì í.

Ohun tí wọ́n kọ sínú àkẹtẹ̀ tún máa ń tú àṣírí ọjọ́ orí rẹ̀. John B. Stetson dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Philadelphia ní 1865, wọ́n sì ti ilé iṣẹ́ ìlú yìí pa ní 1971, nítorí náà orúkọ Philadelphia nìkan kò tó láti fi mọ ọdún. Lára àkẹtẹ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń lo àmì ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àmì náà ń ranni lọ́wọ́ gan-an, nítorí pé ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ United Hatters, Cap and Millinery Workers kò sí rárá títí di 1934, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn aṣàkẹtẹ̀ àti ti àwọn aránfìlà di ọ̀kan. Ẹnì kan ta àkẹtẹ̀ kan fún mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó búra pé ti 1920 ni, ó sì gba owó gọbọi lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tí mo yí awọ rẹ̀ síta, orúkọ ẹgbẹ́ yìí gan-an ni mo bá níbẹ̀, olùtajà náà kò sì dá owó kankan padà. Ẹ tún wo àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù lára aṣọ ìtẹ́nú rẹ̀: bí kóòdù ìfìwéránṣẹ́ oní-nọ́ńbà márùn-ún bá wà níbẹ̀, àkẹtẹ̀ náà kò lè ṣáájú 1963, ọdún tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí lò ó. Ní ti lẹ́tà X tí wọ́n ń tẹ̀ sára awọ láti fi sọ bí felt ṣe dára tó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gbówó lórí ọjà fún yín. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fún un ní ìtumọ̀ tirẹ̀, 5X ibì kan sì lè dára ju 10X ibòmíràn lọ. Ọwọ́ yín ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ gbàgbé bàsíà omi gbígbóná wà nínú bí wọ́n ṣe ń ṣe felt. Kì í ṣe aṣọ híhun. Irun múlọ́múlọ́ ara beaver (ẹranko kan tó ń gbé létí omi) tàbí ti ehoro ni wọ́n ń fẹ́ jọ títí yóò fi di ohun ńlá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó ṣóńṣó lórí, tí ó tóbi ju orí ènìyàn lọ fíìfíì, lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa fi omi gbígbóná àti ìfúnpá sún un kì, títí irun náà yóò fi kọ́ ara wọn lọ́wọ́ pátápátá. Omi gbígbóná ló sọ ọ́ di kékeré lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí ẹ bá sì tún rì í sínú rẹ̀ láìsí ohun tó dì í mú, yóò tún máa kéré sí i, awọ inú rẹ̀ yóò sì sún kì jù ú lọ. Àkẹtẹ̀ onírun àgùntàn tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí òjò gidi kan lè sọ ọ́ di jẹ̀lẹ́ńkẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò ní fi ṣeré níbí. Kí irun lè tètè so kọ́ra, àwọn aṣàkẹtẹ̀ máa ń fi èròjà mákúrì pa á, májèlé náà sì sọ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ di ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, pàápàá ní Danbury ní ìpínlẹ̀ Connecticut, tí wọ́n fi sọ àìsàn náà ní Danbury shakes. Ọdún 1941 ni ìjọba Amẹ́ríkà fòpin sí i. Àwọn tó ń tọ́jú ẹrù mùsíọ́ọ̀mù ṣì ń rí mákúrì lára àkẹtẹ̀ àtijọ́, nítorí náà, bí ẹ bá fura pé tiyín ṣáájú 1941, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má fi sánpépà ha á, ẹ má fi ooru omi sí i nínú ilé, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí àwọn ọmọdé. Èmi kì í dé irú wọn. Inú páálí ni mo ń tọ́jú wọn sí.

Àwọn ihò tí ẹ rí yẹn, òólá ló ṣe é, ìyẹn kòkòrò ajẹṣọ. Ìdin rẹ̀ ló ń jẹ irun, kì í ṣe èyí tó ń fò kiri. Kí ẹ tó gbé àkẹtẹ̀ náà sún mọ́ kóòtù àti súwẹ́tà yín, ẹ fi í sínú àpò ọ̀rá, ẹ so ẹnu rẹ̀ pinpin, kí ẹ sì gbé e sínú fìrísà tó tutù dé ìwọ̀n 18 sí ìsàlẹ̀ òdo ní Celsius fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú ọ̀rá náà títí òtútù rẹ̀ yóò fi tán, kí omi má baà sẹ̀ sára felt. Ibi tí kòkòrò jẹ lérèfèé, bí àkẹtẹ̀ náà kò bá ṣáájú 1941, ẹ lè fi sánpépà tó kúnná gan-an rọra ha á títí ojú rẹ̀ yóò fi dọ́gba. Èyí tó bá já lu, tí rìbọ́ọ̀nù sì bò ó, ẹ fi sílẹ̀. Àwọn kan ń po ẹ̀há felt mọ́ gọ́ọ̀mù láti dí ihò. N kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, nítorí pé gọ́ọ̀mù a máa le, a sì máa dán yàtọ̀ nínú oòrùn, nígbà tó jẹ́ pé ihò kan tàbí méjì kò ba ẹwà àkẹtẹ̀ àtijọ́ jẹ́.

Fún ìdọ̀tí, búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì, kí ẹ máa gbá a lọ sẹ́yìn, kí ẹ sì yí i po bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀nà yẹn ni irun rẹ̀ dojú kọ. Ẹ má lo búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ fi nu àkẹtẹ̀ dúdú fún èyí tó funfun. Níbi tí òróró irun àti òógùn bá ti gùn jáde dé abẹ́ rìbọ́ọ̀nù, ẹ wọ́n ìyẹ̀fun àgbàdo sí i, kí ó sùn níbẹ̀, kí ẹ tó gbá a kúrò. Bí àbàwọ́n náà bá ti pẹ́, naphtha nìkan ló ń ṣiṣẹ́, torí kò ní omi nínú, kì í sì í sún felt kì. Epo tó ń tètè gbiná ni: ìta gbangba ni kí ẹ ti lò ó, kí sìgá, sítóòfù àti ẹ̀rọ iná mànàmáná jìnnà síbẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí òórùn rẹ̀ tán pátápátá kí àkẹtẹ̀ náà tó wọlé.

Níbi nínà rẹ̀ ni ìdùnnú iṣẹ́ yìí wà. Bí tiyín kò bá ṣáájú 1941, ẹ gbé kẹ́tù kaná títí ooru yóò fi máa tú jáde ní ẹnu rẹ̀ gidi. Ẹ ti yí awọ inú síta, kí ooru má baà kàn án, nítorí awọ tí ooru omi bá mú a sún kì, a sì le. Ẹ di etí àkẹtẹ̀ náà mú, kí ẹ máa yí orí rẹ̀ lókè ooru, ẹ má sún un mọ́ ọn jù, ẹ má sì dúró lójú kan. Láìpẹ́, felt tó ti gan yóò máa rọ̀ sí yín lọ́wọ́, ìlà tí ọdún pípẹ́ ti tẹ̀ síbẹ̀ yóò máa là, ẹ ó sì gbọ́ òórùn irun ẹran tó rin díẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì tì í sókè títí orí rẹ̀ yóò fi yọ róbótó. Bí ẹ bá ní igi tí wọ́n gbẹ́ bí orí ènìyàn, tó sì bá sáìsì rẹ̀ mu, ẹ wọ̀ ọ́ sórí igi náà, ẹ fi okùn so ìdí rẹ̀ pinpin, kí ó sì gbẹ di ọjọ́ kejì. Ẹ má gbé e sínú oòrùn, ẹ má sì lo ẹ̀rọ ìgbẹrun láti mú un yá. Etí rẹ̀ tó wọ́, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ lórí tábìlì, kí ẹ fi aṣọ tó rin díẹ̀ bò ó, kí ẹ sì fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná jù tẹ̀ ẹ́ yípo. Ìlà tí ẹ bá fẹ́ lórí rẹ̀, ọwọ́ ni kí ẹ fi ṣe é nígbà tí felt ṣì rọ̀. Tí ó bá ti gbẹ, ẹ má tún fún iwájú rẹ̀ pọ̀ mọ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àkẹtẹ̀ àtijọ́ ti ń là.

Ní ti sáìsì, 7¼ tí Amẹ́ríkà ń kọ jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 58, àkẹtẹ̀ kan náà yóò sì jẹ́ 7⅛ bí ó bá ti Lọ́ńdọ̀nù wá. Ẹ wọn orí yín pẹ̀lú irun tí ẹ sábà máa ń ní, torí orí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé irun kò jọ èyí tó ti kún. Èyí tó bá tóbi díẹ̀, ẹ ki ìwé tàbí fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́yìn awọ inú. Èyí tó kéré, ẹ má fipá nà án, awọ àtijọ́ kò ní gbà á.

Ẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ fẹ́ máa dé e lọ. Etí ni kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dì mú bí ẹ bá ń ṣí i lẹ́nu ọ̀nà, àti níwájú àgbà tí ẹ fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí. Bí ẹ bá gbé e kalẹ̀, orí rẹ̀ ni kó fi dúbúlẹ̀, kí etí má baà tún wọ́, ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò lójú oòrùn. Ó bá kóòtù mu gan-an. Lórí agbádá ńkọ́? Lójú tèmi, agbádá ti ní fìlà tirẹ̀. Àwọn ará Niger Delta ló mọ bí a ṣe ń dé e sí aṣọ ìbílẹ̀, ẹ sì rántí bí ó ṣe bá Ààrẹ tẹ́lẹ̀ rí, Goodluck Jonathan, mu.

Bí awọ tiyín bá ti kú, wọ́n ń ta tuntun, àwọn alátùn-únṣe sì lè rán an sí i, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ náà lè ju iye tí ẹ fi ra àkẹtẹ̀ lọ, nítorí náà felt tó dára gan-an nìkan ni mo ń ṣe é fún. Ẹ yí awọ náà síta lálẹ́ òní, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ àti ti ìwé pélébé ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́, kí ẹ sì sọ bí ó ṣe ṣe nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, èmi yóò sì sọ fún yín bóyá kí ẹ gbé kẹ́tù kaná.